Ìbéèrè Òǹkàwé: Ewéko Tó Mú Ara Ọmọ Mi Lé Ròrò
Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ọmọ mi tó wà ní California sọ pé ewéko kan tí wọ́n ń pè ní poison oak kan òun lára, ara òun sì lé ròrò. Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú yèrèpè oko wa? — Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn: Rárá o, Màmá. Irun wẹ́wẹ́ ara èèpo yèrèpè ló ń yúnni, lójú ẹsẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n ń pè ní urushiol ló wà nínú ewé, igi àti gbòǹgbò poison oak, ara tó bá sì kọ̀ ọ́ sábà máa ń dúró di bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó fèsì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ibi tí wọ́n ti kó o. Kajú wa gan-an ló bá a tan, nítorí oje èèpo kóró rẹ̀ náà máa ń bó awọ àwọn tó ń pa á.

Kí ó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara, aṣọ, bàtà àti àdá tó kàn án, torí òróró náà máa ń pẹ́ lára nǹkan. Omi inú ròrò kì í ràn, ẹ fọkàn balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń lọ. Kò gbọdọ̀ dáná sun ún bí a ti ń sun igbó tí a ṣán, nítorí èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí ojú bá wú tàbí tí èémí bá ń ṣòro, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.