Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà Tí Àwàdà Tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba Di Sinimá

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín, pàápàá àwọn sinimá tí wọ́n fà yọ lára wọn àti ohun tí sinimá náà sọ orúkọ àwọn òṣèré dà. Mẹ́fà la mú.

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÌBÀDÀN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọmọ mi fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní sinimá Mind Your Language ni. A máa ń wo eré náà lórí NTA láyé ọjọ́un, àmọ́ n kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n ṣe sinimá rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá, mà, wọn kò ṣe sinimá rẹ̀. Iléeṣẹ́ London Weekend Television ló gbé eré náà, tó dá lórí kíláàsì àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, jáde láti 1977 sí 1979, apá 29 ni. Wọ́n tún jí i dìde ní 1986, wọ́n ṣe apá 13 sí i. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín á jẹ́ apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹnì kan so pọ̀. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn òǹwòran lẹ́yìn ọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ni, torí àwọn sinimá irú bẹ́ẹ̀ kì í ní ẹ̀rín òǹwòran nínú. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá sì tún ń padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Sinimá gidi máa ń tó ìṣẹ́jú 85 sí 100 láìdúró, orúkọ iléeṣẹ́ sinimá bíi Hammer, EMI tàbí Columbia lẹ ó sì kọ́kọ́ rí.

Michael Grade, tó jẹ́ ọ̀gá ètò ní London Weekend nígbà náà, ló fòpin sí eré yẹn, ó ní ó ń fi àwọn àjèjì ṣe yẹ̀yẹ́. Barry Evans tó ṣe olùkọ́ wọn kò rí iṣẹ́ ńlá mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Takisí ló ń wà ní Leicestershire kó tó kú ní 1997, ẹni ọdún 53. Ó ń dùn wá títí di òní, nítorí òun ló gbé gbogbo kíláàsì yẹn ró.

OLÙKỌ́ KAN, ABẸ́ÒKÚTA: Dad's Army ti tẹlifíṣọ̀n pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wá wo sinimá rẹ̀ ti 1971. Àwọn òṣèré kan náà ni, àwọn òǹkọ̀wé kan náà ni, síbẹ̀ ẹ̀rín kò wá. Kí ló fà á?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló yàtọ̀. Iwájú èèyàn ni wọ́n ti ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà. Wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan dánra wò, wọ́n á wá ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kan nínú sítúdíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí eré orí ìtàgé, kámẹ́rà bíi mẹ́ta sí márùn-ún á sì máa yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Arthur Lowe tó ṣe Captain Mainwaring, ọ̀gá àwọn bàbá tó ń ṣọ́ ìlú wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, á wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó yẹ kó tún la ẹnu fún un. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni àwàdà rẹ̀ wà.

Ní ti sinimá, kámẹ́rà kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n lè ya òpin ìtàn kí wọ́n tó ya ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ lásọtúnsọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ kí ohùn rẹ̀ má baà wọ inú ẹ̀rọ. Wàhálà wá kan ẹni tó ń gé fíìmù náà. Bó bá fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rín, tí àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn kò sì rẹ́rìn-ín, òfìfo ló kù. Bí kò bá fi àyè sílẹ̀, tí wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ dá nìkan wò ó nílé, òfìfo yẹn lẹ gbọ́.

Ìdí kejì ló lágbára jù lójú tiwa. Ìtàn ìṣẹ́jú 30 ni àwọn òǹkọ̀wé yìí mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n wá ní kí wọ́n fà á gùn di 90. Ohun tó máa ń yá wọn lára láti ṣe ni kí wọ́n kó gbogbo èèyàn rìnrìn àjò ìsinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù inú Are You Being Served? forí lé Costa Plonka ní 1977, ìlú àfọkànrò kan ní Sípéènì. Stan awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdó ìsinmi ní Holiday on the Buses, 1973, Prestatyn ní Wales ni wọ́n ti yà á. Steptoe, bàbá tó ń ṣòwò àlòkù, àti ọmọ rẹ̀ náà dé Sípéènì. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Irú àwàdà yìí dà bí ẹran inú pàkúté: ẹ̀rín wá nítorí pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ríbi sá lọ. Ẹ ṣí pàkúté, ẹran ti lọ. Dad's Army kò lọ síbi ìsinmi o, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan bí ìdajì rẹ̀ tún sọ bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà sílẹ̀, èyí tí òǹwòran ti mọ̀ láti 1968, wọ́n sì mú wa lọ wo àwọn Jámánì lódìkejì omi. Eré tẹlifíṣọ̀n kì í sábà débẹ̀. Àìrí ọ̀tá yẹn ló jẹ́ kí ìmúrasílẹ̀ àwọn bàbá wọ̀nyẹn pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ tún máa ṣọ́ pípààrọ̀ òṣèré. Liz Fraser ló ṣe ìyá Pike, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, nínú sinimá Dad's Army dípò Janet Davies. Nínú Bless This House ti 1972, Robin Askwith ló ṣe ọmọkùnrin Sid James, Robin Stewart sì ni gbogbo ilé mọ̀. Òǹwòran á kàn máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ta nìyí, àwàdà á ti kọjá lọ.

ÀBÚRÒ KAN, ILÉ-IFẸ̀: Bí kò bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ṣe é lọ́pọ̀ yanturu láàárín 1970 sí 1975?

Owó ni. Àwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kówó wọn kúrò. Hammer, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fíìmù ẹlẹ́rù, wá ya On the Buses ní 1971 lówó pọ́ọ́kú, fíìmù náà sì wà lára àwọn tó pawó jù ní Britain lọ́dún náà. Wọ́n ṣe méjì sí i kíákíá. Tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun ló ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, fídíò kò sí, nítorí náà ó tó ohun tí èèyàn ń sanwó fún láti rí ojú tó mọ̀ nínú àwọ̀ mèremère.

BÀBÁ KAN, PECKHAM, LONDON: Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu Alf Garnett ni àwọn èèyàn fi ń bú wa lójú pópó. Àwọn ọmọ mi ní Warren Mitchell kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ ṣàlàyé fún mi.

Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Òótọ́ lọmọ yín sọ, òótọ́ sì lẹ̀yin náà sọ. Júù ni Warren Mitchell, òṣèré tó ṣe Alf. Alf Garnett inú Till Death Us Do Part kórìíra Júù, ó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ó kórìíra ẹgbẹ́ òṣèlú Labour. Mitchell wà lápá òsì nínú òṣèlú. Kódà nínú bọ́ọ̀lù wọ́n yàtọ̀: West Ham ni ti Alf, Tottenham ni ti Mitchell. Johnny Speight tó kọ eré náà fẹ́ kí aráyé fi òmùgọ̀ Alf ṣe ẹlẹ́yà. Àmọ́ Mitchell ṣe é dé ojú àmì débi pé àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ fún Alf tọkàntọkàn, èébú rẹ̀ ni wọ́n sì gbé jáde síta sí ẹ̀yin. Ohun tójú yín rí kì í ṣe àlá.

Sinimá méjì ló wà. Èyí tó jáde ní 1969 dára ju bí èèyàn ṣe rò lọ, torí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ó sì jẹ́ ká rí Alf lọ́dọ̀ọ́, ká rí ibi tí ìbẹ̀rù àti ìbínú rẹ̀ ti wá, títí dé ìgbà tí wọ́n wó ilé wọn tí wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn. Èkejì ni The Alf Garnett Saga, 1972. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Òṣèré mìíràn ló ṣe ọmọbìnrin Alf àti ọkọ ọmọ náà níbẹ̀, Una Stubbs àti Anthony Booth kò sí ńbẹ̀ mọ́, èébú ló sì kù láìsí ẹni tó ń dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Mitchell alára tún orúkọ rẹ̀ ṣe lórí ìtàgé: ó gba àmì-ẹ̀yẹ Olivier ní 1979 fún Death of a Salesman, ó tún gbà á ní 2004 fún The Price.

Bí àwọn ọmọ bá mú Love Thy Neighbour ti 1973 wá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èébú inú rẹ̀ pọ̀ ju ti Alf lọ. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní Bill, aládùúgbò dúdú, ló ń borí, àti pé òun náà ń bú Eddie, aládùúgbò rẹ̀ funfun, padà. Àwa kò fara mọ́ ọn. Èébú aláwọ̀ funfun sí aládùúgbò dúdú ní 1973 ní ọlọ́pàá àti onílé lẹ́yìn; èébú Bill kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. A kò tìtorí ẹ̀ bu Rudolph Walker, tó ṣe Bill, kù. Ọmọ Trinidad ni, ipa tí wọ́n ń fún òṣèré dúdú nígbà náà kò tó nǹkan, ó sì fi iyì ṣe èyí tó rí gbà. Láti 2001 ló ti ń ṣe Patrick Trueman nínú eré tẹlifíṣọ̀n EastEnders, wọ́n sì fi oyè CBE dá a lọ́lá ní 2020.

ÒǸKÀWÉ KAN, ÈKÓ: Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn méjì inú Steptoe and Son kórìíra ara wọn?

Fíìmù tẹlifíṣọ̀n kan tí BBC Four gbé jáde ní 2008, The Curse of Steptoe, ló fún ìtàn yẹn lẹ́sẹ̀. Ẹbí Harry H. Corbett, tó ṣe ọmọ nínú eré náà, fẹjọ́ sùn, BBC gbà pé àwọn ibì kan nínú rẹ̀ kò tọ̀nà, wọ́n sì tún un gé. Galton àti Simpson, tí wọ́n kọ eré náà, tí wọ́n sì bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, kò gba ìtàn náà. Ohun tó dájú ni pé wọn kò jọra. Wilfrid Brambell fi ọdún 13 péré ju Corbett lọ, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Corbett ti gba ẹ̀kọ́ líle lọ́dọ̀ Joan Littlewood ní Theatre Workshop, òṣèré ìtàgé tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń wárí fún ni kó tó di 1962. Lẹ́yìn Harold Steptoe, Harold náà ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú ní 1982, ẹni ọdún 57.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe jẹ́ òṣèré tó, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti sinimá 1972 tó lọ sí Sípéènì. Ẹ wo Steptoe and Son Ride Again, 1973, níbi tí bàbá ti díbọ́n pé òun kú nítorí owó ìbánigbófò. Ìran òkú yẹn, ojú Corbett ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe pósí.

TỌKỌTAYA KAN, HOUSTON: Mélòó ló tọ́ kí a wò, èwo ni ká kọ́kọ́ mú?

Porridge, 1979. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n gidi ni wọ́n ti yà á, ní Chelmsford, tó ṣófo nígbà náà nítorí iná tó jó o ní 1978. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ pàkúté: Fletcher àti Godber, ẹlẹ́wọ̀n méjì, jáde kúrò lẹ́wọ̀n láìfẹ́, wàhálà wọn wá ni bí wọ́n ṣe máa yọ́ wọlé padà. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta ná, kẹ́ ẹ lè mọ ta ni Mackay ọ̀gá wọ́dà. Richard Beckinsale tó ṣe Godber kú ní March 1979, ẹni ọdún 31, kí fíìmù náà tó jáde.

Lẹ́yìn náà, Rising Damp, 1980. Beckinsale, tó wà nínú ti tẹlifíṣọ̀n, ti lọ, Christopher Strauli ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn pátápátá, èyí tó sàn ju kí wọ́n fi òṣèré tuntun sí orúkọ olóògbé. Wọ́n tún àwọn ìtàn tẹlifíṣọ̀n kan lò níbẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá ti gbọ́ wọn rí. Frances de la Tour gba àmì-ẹ̀yẹ Evening Standard fún un. Kẹ́ ẹ sì fojú sí Philip, ayálégbé dúdú tí Don Warrington ṣe, tó ń sọ fún onílé látìgbà yìí pé ọmọ olóyè láti ilẹ̀ Áfíríkà lòun. Sinimá yìí ló ti jẹ́wọ́ pé Croydon, lẹ́bàá London, lòun ti wá.