Wọn ò lé mi, ẹni tí mo bú ló lọ

Ẹ̀gbọ́n tó ń bèèrè bóyá ó yẹ kí ọ̀gá wọn lé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bú àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wọn nígbà tí ètò ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ tèmi o, torí èmi náà ti jókòó lórí àga ọ̀daràn yẹn rí.

Rédíò kan l'Ábújá ni mo wà nígbà yẹn, ètò bọ́ọ̀lù ni mò ń ṣe lálẹ́. Lọ́jọ́ kan ẹni tó yẹ kó bá wa sọ̀rọ̀ láti pápá ò wọlé lórí fóònù, ìpolówó ń lọ, mo ti pa máìkì, inú sì ń bí mi, ni mo bá sọ fún ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní sítúdíò pé Gàmbàrí tó wà nídìí ẹ̀rọ yìí, màlúù ló yẹ kó máa dà. A rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀rọ ń gbọ́ wa. Ọmọ Kánò ni lóòótọ́, àmọ́ Sábó n'Íbàdàn ló dàgbà sí, Yorùbá ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ó yọ hẹ́dfóònù, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó wò mí látẹ̀yìn gíláàsì, ó ní "Sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá ló kù, ọ̀gá." Ó sì ṣí máìkì fún mi.

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsówó, kí n kọ lẹ́tà àforíjì. Mo ń ráhùn nígbà náà, mo ní ṣebí kò dé etí aráàlú. Ẹ wá wò ó, ọ̀gá ni mo kọ lẹ́tà yẹn sí o, kì í ṣe òun! Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń kí mi bó ṣe máa ń kí mi, àmọ́ kò bá wa jẹ máásà mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe gba ọ̀rọ̀ "kò kúkú jáde lórí afẹ́fẹ́" yẹn mọ́. Ní 2011, nígbà tí Sky, tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lé Andy Gray, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wọn, tí Richard Keys tí wọ́n jọ ń ṣètò náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n sọ nípa Sian Massey, obìnrin tó ń gbé àsíá láìnì, pé obìnrin ò mọ ófúsáìdì, wọn ò sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yẹn gba ìpinnu tó tọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Fídíò míì tún jáde nípa Gray kí wọ́n tó lé e, ìyẹn ni pé kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò ní kí wọ́n lé èèyàn, èmi ì bá ti kú sébi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yín yẹn ló ń pín iṣẹ́ fáwọn obìnrin wọ̀nyẹn, tó ń yan ẹni tó máa lọ pápá, ẹ gba ìwé pínpín iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, kí ẹ tó máa jiyàn kankan. Tó bá sì tún un ṣe, kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n, àwọn obìnrin tó bú yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ti pè wọ́n jókòó, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́?