Eyín Tó Láwọ̀ Eérú: Ṣé Oògùn Ìfunfun Ni Àbí Veneer?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Oògùn tetracycline tí mo lò ní kékeré sọ eyín iwájú mi di aláwọ̀ eérú. Ṣé kí n lo oògùn ìfunfun ni, àbí kí wọ́n lẹ veneer, ìyẹn awẹ́ fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eyín tí wọ́n fi ń bo iwájú eyín, mọ́ ọn? Ṣé kí n sì dí èjí mi? — Ìyàwó ojúọ̀nà, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ó ṣojú ẹ̀mí wa. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà eyín tọ́jú ihò eyín àti erìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ó bá wà. Inú eyín gan-an ni àwọ̀ tetracycline wà, nítorí pé ìgbà tí eyín ṣì ń dàgbà nínú àgbọ̀n ni oògùn náà wọ inú rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín kò lè mú un kúrò, ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi ra eyín sì ń jẹ ara eyín ni.

Oògùn ìfunfun tí dókítà ń fi sínú ike fẹ́lẹ́ tó bá eyín mu, tí ẹ ó máa fi bo eyín sùn lálaalẹ́, lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, omi tútù sì lè máa ta yín léyín fúngbà díẹ̀. Veneer yára jù ú lọ, ṣùgbọ́n dókítà sábà máa ń ha ara líle tó bo eyín, èyí tí kì í hù padà, ẹ ó sì tún pààrọ̀ veneer náà lọ́jọ́ iwájú. Nítorí náà, oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ní ti èjí, ẹwà ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.