Èsì: Kí ló dé tí etíkun tutù, tí inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún sì gbóná?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yìí fi 13 dígírì sí etíkun, ó sì fi 23 sí ìlú tí kò ju 40 kìlómítà lọ síbẹ̀, bóyá àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe rárá.

Òkun ló fà á. Omi kì í tètè gbóná bí ilẹ̀. Ooru tí yóò mú kí omi gbóná ní dígírì 1 tó bí ìlọ́po 5 ti iyanrìn gbígbẹ. Nígbà ìrúwé, oòrùn ti ń mú, àmọ́ òtútù tó kọjá ṣì wà lára òkun. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ilẹ̀ á ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á gòkè, tòkun á sì rọ́ wọlé dípò rẹ̀. Ẹni tó wà létí omi á rò pé wọ́n ṣí fìríìjì sí òun lára! Bí afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bá sì gba orí omi tútù kọjá, kùrukùru dé nìyẹn.

Lóru, ọ̀rọ̀ á yí padà. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, ilẹ̀ a máa tètè tú ooru rẹ̀ dànù, nítorí náà inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìrì ti lè dì, tí á pa ewéko tuntun. (Ẹ má tíì gbin tòmátì síta.)

Tí ẹ bá ń lọ sétíkun, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ju nọ́ńbà lọ: bó bá ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sókun, etíkun náà lè gbóná dáadáa. Ẹ ṣáà mú aṣọ òtútù dání.