Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ló Ṣẹ́ Ọ̀pá Ẹ̀rọ Ìlọta Mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀pá irin tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta mi ṣẹ́ sí méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ ata díẹ̀ ni mò ń lọ. Kò tilẹ̀ tẹ̀. Ṣé ayédèrú irin ni wọ́n tà fún mi ni? — Ìyá ẹlẹ́rọ, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, ìyá wa. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bí apá kan bá ń dán, tí ó ní ìlà bí ìpele àlùbọ́sà, tí ìyókù sì rí ṣákaṣàka bí yanrìn, a jẹ́ pé ó rẹ irin náà ni. Bí ọ̀pá ṣe ń yí, bẹ́líìtì ń mú kí ara rẹ̀ máa nà, kí ó sì tún máa fún pọ̀; lẹ́yìn àìmọye ìyípo, ìlà tó tín-ín-rín ju irun lọ yóò ṣí, pàápàá níbi igun mímú, yóò sì máa jẹ irin wọlé títí èyí tó kù kò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. August Wöhler, ará Jámánì, fi ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin dán èyí wò ní nǹkan bí ọdún 1860: ẹrù tí irin gbé lẹ́ẹ̀kan láìmira lè ṣẹ́ ẹ bí ó bá ń padà wá léraléra.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná jó ọ̀pá tó ṣẹ́ náà pọ̀, nítorí ojú jíjó yẹn gan-an ni ìlà mìíràn lè ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ọ̀pá tuntun wò lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì bu ẹfun lé e. Bí ó bá ti là, kẹrosíìnì inú ìlà náà yóò yọ sójú ẹfun.