Bàbá ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n ń lajú sílẹ̀ lóru: ẹ̀dọ̀ ni o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Kúbúwà l'Ábújá la wà. Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn, ti ba ẹ̀dọ̀ bàbá mi jẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, wọn kì í sùn lóru. Lánàá wọ́n ń bá àbúrò wọn tó ti kú sọ̀rọ̀. Oògùn olómi dídùn tí wọ́n fún wọn ń mú wọn yàgbẹ́ ṣáá, a bá dá a dúró. Ẹbí ní ká gbé wọn lọ sílé àdúrà l'Ógbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé Bàbá lọ lónìí. Àdúrà ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìnrìn àjò.

Kòkòrò inú ìfun máa ń mú amónía, èròjà olóró kan, jáde látinú oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá á sọ ọ́ di yúríà, a ó sì tọ̀ ọ́ dànù. Tí ẹ̀dọ̀ bá ti le, amónía á bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ sí ọpọlọ, á sì dà á rú. Oorun tó yí padà yẹn wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń hàn. Ẹ ní kí Bàbá na ọwọ́ síwájú, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ dúró bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró. Tí ọwọ́ bá ń jù fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ sọ fún dókítà.

Oògùn tí ẹ dá dúró gan-an ni ìtọ́jú. Lactulose ni, ìgbẹ́ tó ń mú wọn yà sì ni iṣẹ́ tí a rán an: ó ń kó amónía jáde. Ìgbẹ́ rírọ̀ 2 sí 3 lóòjọ́ la ń wá. Tó bá ti di omi gbuuru, ẹ béèrè kí wọ́n dín in kù, nítorí gbígbẹ omi ara náà lè dá àìsàn yìí sílẹ̀. Tí ọpọlọ tó ń dàrú yìí bá ń padà wá, a máa ń fi oògùn rifaximin kún lactulose (ó wọ́n, mo mọ̀).

Nílé ìwòsàn, wọ́n á wá ohun tó ru ú sókè: àkóràn nínú omi inú ikùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú (ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà), àìríìgbẹ́yà, tàbí oògùn oorun tí ẹnì kan rà ní kẹ́mísì. Ẹ má fún wọn ní irú rẹ̀ láé.

Ẹ má fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja dù wọ́n. Ebi ń jẹ iṣan ara, iṣan sì ń bá ẹ̀dọ̀ palẹ̀ amónía mọ́. Kí wọ́n fi mọ́ínmọ́ín mu ògì kí wọ́n tó sùn. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá jí wọn tí wọn ò dáhùn, ẹ má ro nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ẹ gbé wọn sáré.

Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún hepatitis B. Tí kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.