Ṣé Èrò Lásán Ló Ń Mú Kí Àyà Mi Máa Lù Kìkì?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Bó bá ti kù díẹ̀ kí n dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi, àyà mi á máa lù kìkì, ẹ̀rù á wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n yẹ̀ mí wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ọkàn mi, pé èrò lásán ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Inú mi dùn pé ọkàn yín le, àmọ́ mi ò fara mọ́ “èrò lásán” yẹn. Bí ọpọlọ ṣe ń pàṣẹ fún ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn náà ń ròyìn fún ọpọlọ. Iṣan kan tí à ń pè ní vagus ti inú orí sọ̀ kalẹ̀, ó gba ọrùn àti àyà dé ikùn. Nínú àwọn okùn tín-ín-rín tó para pọ̀ di iṣan yìí, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ń gbé ìròyìn láti inú ara gòkè lọ sí ọpọlọ.

Sarah Garfinkel, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọpọlọ ní University College London, ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí èyí. Nínú ìwádìí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014, wọ́n fi àwòrán ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà han àwọn èèyàn fìrí. Òmíràn yọ lásìkò tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀ jáde, òmíràn yọ nígbà tí ọkàn ń sinmi kó tó tún lù. Èyí tó bọ́ sásìkò tí ọkàn lù ni wọ́n tètè ń rí, ẹ̀rù ojú náà sì ń pọ̀ sí i lójú wọn. Ìdí ni pé ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tó jáde láti ọkàn, àti ti ọrùn, máa ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹ̀jẹ̀ bá ti tì í, á sì fi tó ọpọlọ létí ní gbogbo ìgbà tí ọkàn bá lù. Bí ọkàn bá wá ń sáré, ìròyìn á máa ya lu ara wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yín ti ń gbilẹ̀ sí i.

Èémí ni kẹ́ ẹ fi mú un. Bí a bá mí sínú, ọkàn máa ń yára díẹ̀. Bí a bá mí síta, iṣan vagus á fà á sẹ́yìn. Torí náà, kó tó kàn yín, ẹ jókòó, ẹ gba imú mí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kẹ́ ẹ mí síta fún 6, láìsé èémí. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ máa fi dánra wò nílé lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ò bà yín, kó lè mọ́ yín lára.

Bó bá jẹ́ pé ẹ jókòó jẹ́ẹ́ tó sì ń lù bẹ́ẹ̀, tàbí tí àyà ń dùn yín, tí èémí ò délẹ̀, tí ẹ dákú, ẹ padà sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ ní kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín kéré, kí wọ́n yẹ tairọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, náà wò. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé.